Ta Ló Kọ́kọ́ Wọ Ilé? Ipò Obìnrin Nínú Eré Àfẹnuṣe Orí Tábìlì

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń ṣe eré àfẹnuṣe orí tábìlì, ì báà jẹ́ ní Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Tánkẹ́, n'Ílọrin. Ẹnì kan fẹ́ ṣe jagunjagun obìnrin. Olùdarí eré, tí gbogbo wọn ń pè ní GM, á ní ayé àtijọ́ ni ìtàn náà dá lé, obìnrin kì í jagun láyé àtijọ́, nítorí náà kí ó yọ àmì kan kúrò nínú agbára rẹ̀. Ẹlòmíràn á dáhùn pé dírágónì ń fò nínú ìtàn kan náà, ṣé obìnrin tó gbé idà ni kò wá ṣeé gbà gbọ́? Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀, eré á sì dúró.

Fún ẹni tí kò rí irú eré yìí rí: ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́fà ló máa ń jókòó yí tábìlì ká. GM ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé ìtàn náà. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀. Bí ohun tí ẹ̀dá fẹ́ ṣe bá lè yọrí tàbí kó forí ṣánpọ́n, dáìsì ni wọ́n ń jù. Dungeons & Dragons, àgbà gbogbo wọn, ń lo dáìsì ojú 20. Èyí kò sí lọ́jà wa, ṣùgbọ́n dáìsì lúdò méjì tó fún ọ̀pọ̀ eré mìíràn, òun la ó sì máa fi ṣe ìṣirò níhìn-ín.

Òfin tó dín obìnrin kù kì í ṣe àròsọ. Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Nínú ìwé òfin ti 1978, jagunjagun tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 18 á tún ju dáìsì ìdá ọgọ́rùn-ún láti mọ bí 18 náà ṣe le tó. Ọkùnrin ọmọ ènìyàn lè dé 100. Obìnrin ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá 50. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí òfin yìí ṣe. Bí a bá ju dáìsì ojú mẹ́fà mẹ́ta, ọ̀nà 216 ni wọ́n lè gbà balẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń fúnni ní 18. Nínú àwọn tó bá rí 18 yìí, ìdajì ló máa kọjá 50. Ìyẹn ni pé nínú jagunjagun obìnrin 432, ẹyọ kan ni òfin náà máa fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó bá ṣí ìwé náà ló máa kà á.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà kejì ní 1989. Ẹ̀dà 2014 sọ ọ́ gbangba pé kí ẹ̀dá jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, kò sí èrè níbẹ̀, kò sí ìdíwọ́. Ti 2024 tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀: àmì tí wọ́n ń fi kún ọgbọ́n tàbí agbára ẹ̀dá kò wá látinú ẹ̀yà tí wọ́n bí i sí mọ́, iṣẹ́ àti ìgbé ayé tó ti gbé kó tó dé inú ìtàn ló ń fún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Òfin kúrò nínú ìwé, àmọ́ kò kúrò lẹ́nu GM. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àwọn kàn yọ 1 ni, pé 1 kò tó nǹkan. Lórí dáìsì ojú 20, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lórí dáìsì lúdò méjì, kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 21 nínú wọn ló ń fúnni ní 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ 7 ni ẹ̀dá nílò, tí GM sì yọ 1, àfi kó ju 8, ọ̀nà tó ń fúnni ní 8 sókè kò sì ju 15 lọ. Tí ẹ bá ju dáìsì ní ìgbà 12 láti ìrọ̀lẹ́ di alẹ́, ẹ̀dá ọkùnrin á yege bí ìgbà 7, tirẹ̀ á yege bí ìgbà 5. Tó bá fi máa di ìjókòó kẹta, ẹni tó wá ṣe akọni ti di aláàárù àwọn yòókù. Kì í pẹ́ tó fi ń wí àwáwí pé òun ní ìdánwò.

Ayé àtijọ́ tí wọ́n ń wí yìí ńkọ́, ti ta ni? Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ GM ni ilẹ̀ Yúróòpù inú fíìmù, níbi tí ọmọ ọba obìnrin ti jókòó sí ilé gogoro tó ń retí ẹni tó máa wá gbà á. Bí ẹ bá gbé ìyẹn wá sí Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán láìyí ohunkóhun padà, irọ́ lẹ pa mọ́ ìtàn, irọ́ náà kò sì tún dùn. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin wà lára àwọn ará Dàhòmì tó kọlu Abẹ́òkúta, ìbọn ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí Dàhòmì tún padà wá ní 1864, Ẹfúnróyè Tinúbú wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ẹtù fún àwọn Ẹ̀gbá, ọdún náà ni wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde. N'Íbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ń kó ohun ìjà fún àwọn ológun láwìn. Gbèsè yẹn wà lára ohun tó ba àárín òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, jẹ́ kí wọ́n tó pa á ní 1874. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ìgbòho ni pé obìnrin ni Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Láàfin Ọ̀yọ́, Ìyá Kéré ló ń tọ́jú adé àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ọba. Bí ọba bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè fi wọ́n pamọ́, ọba kò sì ní lè jáde sí gbangba lọ́jọ́ ọdún. GM tó bá gbọ́ ti Ìyá Kéré yìí tí kò rí ìtàn odindi oṣù kan níbẹ̀, kí ó yáa máa ta lúdò.

Ẹni tó fẹ́ fojú rí i lè lọ sí Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945. Ère òkúta tó ju 1,000 lọ ló wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí bí ènìyàn tó níyì, irun dídì lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn.

A kò sọ pé obìnrin kò rí ìyà láyé ìgbà náà. Ohun tí à ń sọ ni pé ipò rẹ̀ kò dúró sójú kan tí a fi lè yọ 1 fún un níbi gbogbo. Bí a ṣe lè gbé ìyẹn sínú òfin eré ló kù.

Èdè wa ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń darí eré lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà sọ gbólóhùn méjì láìfi hàn bóyá ọkùnrin ni òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí obìnrin. Ní Yorùbá, "adájọ́ náà dìde, ó wò yín, ó rẹ́rìn-ín" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀bùn ni èyí, ó sì tún jẹ́ pàkúté: bí GM kò bá sọ ọ́, ọkùnrin ni gbogbo tábìlì máa rò. Lẹ́yìn ìjókòó méjì, ọba, oníbodè, oníṣègùn, olè, gbogbo wọn á ti di ọkùnrin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn á sì jẹ́ ìyàwó tí wọ́n jí gbé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó. Ẹ gé páálí kékeré 20, kí ẹ kọ orúkọ sí i, 10 ti obìnrin, 10 ti ọkùnrin. Orúkọ bí Ayọ̀délé tàbí Adéọlá kò ní ràn yín lọ́wọ́ torí tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ. Oríkì ló ń sọ̀rọ̀: Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àjọkẹ́ kì í ṣe ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni Àjàní, Àkànní àti Àlàó kì í ṣe obìnrin. Ẹ tún gé 20 mìíràn fún iṣẹ́: oníbodè, alágbẹ̀dẹ, oníṣòwò iyọ̀, akéwì, ìránṣẹ́ ààfin. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá méjì. Nígbàkígbà tí ẹ bá nílò ènìyàn tuntun, ẹ fa ọ̀kan látinú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan wà tí ìlú ti fún ẹnì kan: n'Ílọrin, ìkòkò mímọ ní Òkèlele jẹ́ tobìnrin, aṣọ òkè híhun jẹ́ tọkùnrin, wàrà títà sì wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Bí Àṣàkẹ́ bá fa aṣọ òkè híhun, ẹ má dá páálí náà padà. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tí inú ń bí sí i. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kejì tí èdè fi lé wa lọ́wọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Nínú agboolé, ìgbà tí ènìyàn wọlé ni wọ́n ń kà. Ọmọ tí wọ́n bí sílé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló wọlé. Ìyàwó wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ti lé lógún ọdún fi lè máa pe ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá tó bá nínú ilé ní "ọkọ mi", tí kò sì ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ ọ́ ní 1997 pé ta ló ṣáájú ta ni Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ń to ènìyàn, pé kì í ṣe akọ tàbí abo. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò gbà fún un, wọ́n ní oyè, orò àti ogun ní ààlà tiwọn fún obìnrin. Eré kò nílò kí ìjà wọn parí. Ó kàn nílò kí GM mọ̀ pé òṣùwọ̀n ju ẹyọ kan lọ.

Báyìí ni a ṣe lè fi ṣe òfin, bí ẹ̀dà 2024 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti ṣe é: ìgbé ayé ẹ̀dá ni kó fún un ní àmì. Lórí ìwé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin: Ilé, Ọjà, Oyè, Awo. Ilé ni bó ti pẹ́ tó nínú agboolé tí ó ń gbé. Ọjà ni owó, oníbàárà àti gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́. Oyè ni ohun tí ààfin mọ̀ ọ́n sí. Awo ni ìmọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé, ì báà jẹ́ ewé, kéú tàbí ọ̀nà oko. Olúkúlùkù ní àmì 4 láti pín, kò gbọdọ̀ fi ju 2 lọ sí ìlà kan, ọkùnrin àti obìnrin kò sì yàtọ̀ nínú pípín yìí. Nígbà tí ẹ̀dá bá fẹ́ yí ẹnì kan lọ́kàn padà tàbí kó pàṣẹ fún un, GM á béèrè pé, "Níbo la wà?" Ìlà tó bá ibẹ̀ mu nìkan ni wọ́n máa fi kún dáìsì méjì, 7 sókè sì ni àṣeyọrí.

Ká ní Àṣàkẹ́ ni Ilé 0, Ọjà 2, Oyè 1, Awo 1. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọ agboolé kan ní Ọ̀fà ni. Láàárọ̀, ó fẹ́ kí àbúrò ọkọ rẹ̀ yá òun ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Inú ilé nìyẹn, kò rí nǹkan fi kún un, ọ̀nà 21 nínú 36 ló wà fún un. Lọ́sàn-án, àbúrò ọkọ kan náà wá sí ìsọ̀ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ lórí gbèsè aṣọ. Àṣàkẹ́ tún béèrè kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọjà nìyí, ó ní 2, dáìsì kò nílò ju 5 lọ, ọ̀nà tó wà sì di 30. Ènìyàn kan náà ni, ọjọ́ kan náà, obìnrin kan náà. Òfin yìí kò gbé e ga, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ń kọ́ olùṣeré láti yan ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe.

Níbo ló ti máa ń bàjẹ́? Bí gbogbo ìran bá jẹ́ ojú ogun, ẹni tó kó àmì sí Ọjà ti kó o dànù, nítorí náà kí GM rí i pé ìjókòó kọ̀ọ̀kan dé ibi méjì ó kéré tán. Àwọn olùṣeré á tún máa jiyàn pé ibi gbogbo ni ọjà. GM ni kó sọ ibi tí wọ́n wà, kó sì sọ ọ́ kí dáìsì tó kúrò lọ́wọ́. Ọjà 2 láìsí gbèsè kankan kì í ṣe Ọjà: ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tó jẹ ẹ́ ní owó àti ẹnì kan tí òun náà jẹ.

Èèwọ̀ ló le jù. Nílùú tí orò ti ń jáde, obìnrin kì í jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, GM tó bá sì fẹ́ kí ìtàn òun rí bí ti Yorùbá gidi á fẹ́ fi sí i. Kò burú, àmọ́ ẹ wo aago. Eré wákàtí 3 jẹ́ ìṣẹ́jú 180. GM á sọ̀rọ̀ fún bí 60, ìṣẹ́jú 120 tó kù fún olùṣeré 5 jẹ́ 24 fún ẹnì kan. Bí òru orò bá gba ìṣẹ́jú 40, ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá obìnrin á jókòó ju ìpín tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan, lẹ́yìn tó ti fowó ọkọ̀ wá. Ẹ̀dá la fi èèwọ̀ dè, ọmọ ènìyàn ló wá jẹ ìyà rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí GM máa pààrọ̀ ojú ìran ní ìṣẹ́jú 7 tàbí 8: òde díẹ̀, inú ilé díẹ̀. Inú ilé náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí òde kò ní. Àwọn obìnrin wà pa pọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n ka ara wọn, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti lé. Àwọn ọkùnrin tó wà níta kò lè mọ̀.

Ti ẹlẹ́hàá náà ń bọ̀ wá sí tábìlì n'Ílọrin. Àwọn kan á fẹ́ fi ẹ̀há ṣe aṣọ amí, kí ọkùnrin wọ̀ ọ́ kó fi wọ ilé onílé. Ẹ yẹra fún un. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ẹlẹ́hàá wà nínú àwọn tó jókòó, ẹlẹ́hàá nínú ìtàn sì sàn jù bó bá jẹ́ ènìyàn tó ní òwò, tó ń rán ọmọ níṣẹ́, tó mọ ohun tó ń lọ ládùúgbò.

Ìtàn Mọ́remí, tí Ọ̀fà ń pè ní ọmọ wọn, wà lára èyí tí GM fẹ́ràn jù: obìnrin tó jẹ́ kí ọ̀tá mú òun, tó di aya ọba wọn, tó mọ àṣírí aṣọ koríko, tó sì padà sí Ifẹ̀ láti sọ fún wọn pé kí wọ́n fi iná jà. Ìtàn amí tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹrú ogun tó di aya wà láàárín rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo olùṣeré ló fẹ́ rí ohun tó wà nínú yàrá yẹn. Ron Edwards, tó ń ṣe irú eré yìí jáde, ló dá ìyàtọ̀ méjì sílẹ̀: ìlà ni ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn rárá, ìbòjú ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí aṣọ ìkélé á bò ó, tí a ó fo dé àárọ̀ ọjọ́ kejì. John Stavropoulos ló gbé káàdì X jáde: páálí tí wọ́n kọ X sí, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn kí ìran náà yí padà láìṣàlàyé ìdí.

Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti kọ wọ́n kọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ọmọ ọdún 19 kò ní sọ lójú ẹ̀gbọ́n tó jókòó síbẹ̀ pé òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Nítorí náà, ní ìjókòó àkọ́kọ́ kí dáìsì tó balẹ̀, ẹ pín bébà. Kí gbogbo ènìyàn kọ ohun tí kò fẹ́ nínú ìtàn, kódà kó jẹ́ "kò sí", kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀wé. GM á gbà wọ́n, á ka gbogbo rẹ̀ jáde bí ẹyọ àkọsílẹ̀ kan, á sì fa bébà náà ya. Ìṣẹ́jú 30 tó. Ní ti káàdì X, GM fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, lórí ohun kékeré, lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Bí àgbà kò bá tíì lò ó, ọmọdé kò ní lò ó.

Ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" náà tún wà níbẹ̀. Bí ọmọbìnrin ọdún 19 bá ń ṣe ìyáálé ẹni ọgọ́ta ọdún, kí ni bọ̀dá ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń ṣe ọmọ ọkọ rẹ̀ máa pè é? "Ẹ" ni, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dá bá ń bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè dáìsì tàbí omi, kí olúkúlùkù padà sí ipò rẹ̀. Ẹ fẹnu kò lórí èyí ṣáájú, ẹ sì gbé àmì kan kalẹ̀, bíi fìlà GM tó wà lórí nígbà ìtàn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìsinmi. Àwọn kan á kọ́kọ́ máa rẹ́rìn-ín. Tó bá fi máa di ìjókòó kejì, ìyáálé á ti mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́ díẹ̀ kí òun tó dáhùn, gbogbo agboolé á dúró.

Ẹni tó ṣì fẹ́ jagunjagun obìnrin ńkọ́, nínú ìtàn ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà, láìsí ìyáálé, láìsí ọjà? Ẹ fún un ní ìbọn. Kò sí 1 tí ẹ máa yọ. Ẹ kàn bi í pé ta ló tà á lẹ́tù, ṣé owó ló fi rà á ni àbí àwìn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀.